Ẹṣin Tí Bàbá Fún Ní Oríkì

Táyà gbaka kan, ọkọ̀ akérò kékeré ìlú wa, bẹ́ ní Abobo Gare, ó dún gbàà, kí n sì tó yíjú padà, Bàbá ti lọ sílẹ̀. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì obìnrin tó ń ta atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, "Vieux père, c'est pneu, c'est rien," pé táyà lásán ló bẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo gbọ́ tí ó ń sọ nǹkan jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀. Oríkì tirẹ̀ ni, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré ní Ìlọrin. Ó kà á dópin, ó dìde, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó ní ká yára kí ọkọ̀ Riviera má baà fi wá sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwa nínú àgbàlá kan tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé ní Abobo, Bàbá sì ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn Dioula àtàwọn ará Burkina tó wà níbẹ̀. Ní ọdún tí ìbọn ń dún ní àdúgbò wa, ìyàwó rẹ̀ jáde lọ pọn omi láàárọ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wọlé kí oòrùn tó mú. Láti ìgbà náà, ariwo òjijì kan kò ní í dún kí Bàbá má lọ sílẹ̀. Ìbáà ṣe ọmọrí ìkòkò ló bọ́, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn ni afẹ́fẹ́ gbá. Ìkà làwa ọmọdé inú àgbàlá yẹn. A máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ju agolo sílẹ̀ ká lè wò ó. Èmi náà ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà, kò sì fẹ́ kí n máa rìn káàkiri ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí kì í sí ilé ìwé. Ó bẹ Bàbá kó máa mú mi dání lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ẹṣin ńlá kan ní Riviera tí àwọn ọmọ olówó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀: koríko gbígbẹ, awọ gàárì tí wọ́n fi òróró pa, ìtọ̀ ẹṣin tó ń ta ni nímú. Bàbá á ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á kó ìgbẹ́ kúrò, á wá gbé ẹsẹ̀ ẹṣin lé orúnkún, á máa fi irin kékeré kan ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ pátákò, bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná. Ìjòyè kan ni bàbá tirẹ̀ tọ́jú ẹṣin fún ní Ìlọrin. Ó máa ń sọ pé òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń di gàárì kí òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣòkòtò, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ṣòkòtò rẹ̀ kì í le.

Ọdún yẹn ni wọ́n gbé ẹṣin kékeré kan dé, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí obì. Madame tó ni ilé ẹṣin náà sọ ọ́ ní Éclair. Mànàmáná lorúkọ náà túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ mànàmáná yìí kò lè fara da ààrá. Bí ẹnìkan bá ṣí agbòòrùn, á fò sókè. Bí wọ́n bá gbé korobá kalẹ̀, á fẹ́ já okùn. Láàárín oṣù kan ó ti da ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, apá ẹnìkẹta sì ṣẹ́, kò tún wá sí òbí tó gbà kí ọmọ òun gùn ún mọ́. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó bá gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n so ẹṣin náà mọ́, ó wò ó títí. "Ẹ̀rù tó ń bà á yẹn, mo mọ̀ ọ́n," ló wí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ti fún un ní oríkì. Ó ní Àjàní ni, ẹni tí a jà kí a tó ní. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń fún ẹṣin ní oríkì.

"Ọmọ tí kò ní oríkì, kí ni wọ́n máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

Bó ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Èmi ni yóò ní kí n gbé korobá irin dání, kí n lọ dúró lọ́hùn-ún, lẹ́yìn igi máńgòrò. Òun á fi ọwọ́ lé ẹṣin náà lọ́rùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, lóhùn tí kò lọ sókè tí kò sì wálẹ̀:

"Àjàní, ọ̀dọ́ ẹṣin tí ń fi pátákò kí ilẹ̀,
Ilẹ̀ ò ní jẹ́ kí o ṣubú.
Ariwo ń bẹ lẹ́yìn, ariwo ń bẹ níwájú,
Ẹni tó ni ọ́ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

Tó bá ti dé "lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ," èmi á ju korobá sílẹ̀. Ohùn ni kí ẹṣin kọ́kọ́ gbọ́, kí ariwo tó dé. Ní Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan la ń fi ìṣísẹ̀ kan sún mọ́ ọn. Ẹṣin á gbọ̀n, Bàbá náà á gbọ̀n, nítorí ariwo kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kankan gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lè ju korobá náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Etí ẹṣin nìkan ló ń yí sọ́dọ̀ ẹni tó ń kì í.

Nígbà tí Madame rí i, ó ní ta ni yóò wá gùn ún. Bàbá nàka sí mi. Mo fúyẹ́, mo mọ oríkì náà, ẹṣin sì ti mọ ohùn mi, nítorí èmi àti Bàbá la jọ ń kì í nígbà tó yá. Bí ọmọ aláṣọ láti Abobo ṣe di ẹni tó ń gẹṣin ní Riviera nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mo ti wá, tàbí kí n kúkú sọ pé mo fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Mo ní láti sọ èyí bó ṣe rí. Ní àárọ̀ Sátidé kan tí Bàbá ti ṣáájú mi dé, mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kí i nílé. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Riviera pọ́ńbélé, yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "La petite Anango prie son vieux." Ó ní ọmọ Anango, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ń gbàdúrà sí bàbá arúgbó rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà n kò kúnlẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Faransé ni mo fi ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wà nítòsí, òun á sì fi Yorùbá dá mi lóhùn. Oríkì Àjàní di ohun tí mo ń sọ sínú etí ẹṣin nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí pápá.

Ìdíje tí wọ́n ń pè ní dressage wá sún mọ́lé. Kì í ṣe ti eré sísá. Ẹṣin á wọ inú pápá yanrìn tí wọ́n fi igi funfun kékeré yí ká, á rìn, á yípo, á dúró níbi tí wọ́n bá ní kó dúró sí, àwọn adájọ́ á máa kọ máàkì. Madame pe èmi àti Bàbá. "S'il termine, il reste," ó ní. Tí ẹṣin náà bá parí rẹ̀, yóò máa wà lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá sá jáde nínú pápá, ní Ọjọ́ Ajé ni òun yóò tà á fún àwọn tó ń fi ẹṣin gbé àwọn àlejò kiri létí òkun Bassam. Ó wá kìlọ̀ fún wa nípa òfin. Bí mo bá la ẹnu bá ẹṣin sọ̀rọ̀, wọ́n á yọ máàkì méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é láti ìta, wọ́n á lé wa kúrò nínú ìdíje.

Bàbá dá mi dúró nígbà tí Madame lọ tán. "Deux points? Ṣé deux points ló ń jẹ koríko ni? Tí ó bá ti gbọ̀n báyìí, kì í ní oríkì rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n yọ deux points wọn. Kó ṣáà ti parí." Ó fi ìka kan mi léjìká. "Èmi ò lè la ẹnu o. Ẹnu tìrẹ nìkan ló kù fún un."

Ní Sátidé náà, Bàbá ti di irun ọrùn Àjàní ní kókó kéékèèké kí n tó dé. Mo wọ ṣòkòtò funfun tí wọ́n yá mi. A wọlé, a dúró láàárín pápá, mo tẹrí ba fún àwọn adájọ́. Ó rìn dáadáa. Ó yípo lápá ọ̀tún, ó yípo lápá òsì, mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wọ yanrìn bùjẹ̀bùjẹ̀. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan péré ká parí nígbà tí fèrè aláfẹ́fẹ́ kan bẹ́ lábẹ́ àtíbàbà àwọn àlejò.

Àjàní dúró gbagidi. Mo mọ̀ ọ́n lára pé itan rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Etí rẹ̀ méjèèjì yí padà sọ́dọ̀ mi, ó ń dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ iwájú ibi tí mo wà gan-an ni ọmọbìnrin yẹn àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí, gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo Bàbá. Ó ti lọ sílẹ̀ nígbà tí fèrè bẹ́, ó wá ń di igi mú kó lè dìde, ó sì ti ki fìlà rẹ̀ bọ ẹnu kí ohùn má baà jáde. Ó ń mi orí sí mi: sọ ọ́, sọ ọ́. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Fèrè kejì bẹ́. Àjàní fò kọjá igi funfun, èmi sì bá ara mi nínú yanrìn. Agogo àwọn adájọ́ dún: wọ́n ti lé wa kúrò. Bí agogo ṣe dún ni Bàbá fa fìlà yọ lẹ́nu, ó ké oríkì náà láti orí dé ìdí, gbogbo Riviera ló gbọ́ ọ. Ẹṣin náà ti dé àárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó dúró, ó yíjú, ó rọra rìn padà wá bá a, ó gbé iwájú orí tì í láyà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wá gbé e lọ.

Nílé, ìyá mi fẹ́ bá mi wí, pé ṣebí wọ́n ti ní kí n sọ̀rọ̀. Bàbá kò gbà. "Ẹ má bá a wí, ìyá wa. Òfin ló dẹ́rù bà á. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù òfin, ọmọ dáadáa ni." Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ará àgbàlá. Abọ́ ìrẹsì wà níwájú mi, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ní Ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá mú mi lọ sí Bassam. A rí Àjàní létí òkun, ó ti rù, gàárì ti bó o lẹ́yìn. Ẹ̀rọ orin kan tó ga ju mí lọ ń ké gbàgà lẹ́bàá etí rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Bàbá sún mọ́ ọn, ó kì í jẹ́jẹ́. Etí rẹ̀ kò yí. Ó tún un kì. Ọkùnrin tó di okùn rẹ̀ mú ní, "Tonton, tu montes ou bien?" Ó ń bi í bóyá ó fẹ́ gùn ún.

"Bàbá, ẹ̀rù ò bà á mọ́," ni mo wí. "Ṣé ìyẹn ò dáa ni?"

"Kò dáa. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣì ń retí kí ẹnìkan pe òun."

Nígbà tí orúnkún Bàbá kò gbé e mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìlọrin. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi fóònù sọ fún ìyá mi pé ó ti kú. Mo sunkún, àwọn ará ilé rò pé ikú rẹ̀ nìkan ni mo ń sunkún sí.

Mo ti bí ọmọbìnrin kan báyìí. Mo fún un ní oríkì, mo sì ń kì í ní gbangba, nínú ọjà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé rẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú ń tì í. "Maman, arrête," ló máa ń sọ. Èmi ò dákẹ́. Mo mọ̀ pé kò lè dá nǹkankan padà, ṣùgbọ́n n kò tún lè pa ẹnu dé mọ́.

Bàbá, kì í ṣe òfin ló dẹ́rù bà mí. Ẹ gbèjà mi títí tí ẹ fi kú, mo sì jẹ́ kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló tì mí, kí wọ́n má baà mọ̀ pé inú àgbàlá kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ti wá.