Kọ̀ǹpútà Fífúyẹ́ Tí Àbúrò Mi Rà

Èjìká ọ̀tún àbúrò mi lọ sílẹ̀ ju tòsì lọ. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ló ń bá a sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Kọ̀ǹpútà àgbélétan tó fi ń yàwòrán ilé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé e kọ́ èjìká kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, ó sì ń gbóná débi pé ìrọ̀rí ni ó máa ń fi sórí itan kó tó gbé e lé e.

Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi sọ ẹrù ọmọ ìyá mi di fífúyẹ́. Àbúrò mi kò dúró dè É. Ó lọ ra tuntun kan, pẹlẹbẹ bí ìwé orin, tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Ẹ lè ka ewé orí igi inú àwòrán yìí."

"Mo rí ewé," mo ní. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni mi ò rí."

Àwọn lẹ́tà náà kéré bí ẹyin iná orí. Òun náà ò rí wọn, ó kàn ń ṣe bí ẹni tó rí wọn ni.

Oṣù méje ni kò ti ríṣẹ́ nígbà tí ilé ìwé kan pè é. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé, wọ́n ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn rìn wọ inú ilé náà lójú kọ̀ǹpútà kí àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ayàwòrán mìíràn ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́rú, àbúrò mi dán an wò ní pálọ̀ mi. Ó ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé. Àwòrán náà dúró. Ó fà díẹ̀, ó tún dúró, bí ọmọ tí wọ́n ń wọ́ lọ gba abẹ́rẹ́.

La bá gbé e lọ bá obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níkorítá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà. Ó fọwọ́ kan ikùn kọ̀ǹpútà náà, ó mirí sí àbúrò mi.

"Ọ̀gá, kò ṣàìsàn o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́. Èyí tó wúwo yẹn ní ẹ̀yà kan nínú tí kò níṣẹ́ méjì ju kó yàwòrán lọ, ó sì ní àyè ìrántí tirẹ̀. Èyí ò ní. Ibi tó ti ń ronú náà ló ti ń yàwòrán, ìkòkò kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń bu jẹ. Ẹ wá lọ ra ojú tí àwọn àmì tíntìntín tó ń para pọ̀ di àwòrán nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àtijọ́. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kùn lọ́tun, nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀."

"Bí ìyá tó pọnmọ, tó ń dáná," mo ní, "tí àlejò wá di ìlọ́po mẹ́rin lójijì."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Àbúrò mi fọwọ́ pa èjìká rẹ̀. "Ṣé kí n padà sídìí búlọ́ọ̀kù mi nìyẹn?"

"Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yàwòrán nílé, kẹ́ ẹ máa gbé èyí jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dín àmì ojú rẹ̀ kù, kẹ́ ẹ sì gé igi àti koríko kúrò nínú àwòrán. Ewé yẹn ló ń pa á."

Igi mẹ́tàlélógójì ló gé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń sìnkú.

Mo tẹ̀ lé e lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ má bi mí pé kí ni mo ń wá; ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbàdúrà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tẹ bọ́tìnnì, ó wọlé lójú kọ̀ǹpútà, ó yípo gbogbo àga, ó dé ojú fèrèsé. Àwòrán náà kò dúró rárá. Etí ògiri rí págunpàgun díẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tá a mọ̀ ọ́n nìkan ló rí i.

"Igi dà?" ọ̀gá béèrè. "Ṣé aṣálẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́ ọ sí?"

Àbúrò mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀yin lẹ máa gbìn ín, Mà. Kíkọ́ ni tèmi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kó máa múra sílẹ̀ fún ìpìlẹ̀, àwọn á ránṣẹ́ sí ayàwòrán ti Ọjọ́ Ẹtì pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tá à ń lọ sílé, àpò rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka méjì ló fi gbé e. Èjìká ọ̀tún ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà.

"Na èjìká yẹn," mo ní.

"Ó rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá dọ̀la."