Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Ọ̀gá Mi

Ní láàbù wa ní Ìdímù, tí ọ̀gá mi obìnrin bá gún awakọ̀ níka, á fẹ́ atẹ́gùn sí i bíi ti ọmọdé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ jàre, ẹ̀kán kan péré ni." Ẹ̀kán yẹn lẹ̀rọ fi ń mọ ẹni tó ń mugbó, kí iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ awakọ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ rí igbó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti jáwọ́."

"Mo mọ̀. Ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ti jáwọ́."

"Ẹ fi tiyín rọ́pò. Ẹ̀kán kan péré ni."

Ọ̀gá mi di ìka àbúrò rẹ̀ mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ tipẹ́.