Eyín Tí Kò Tíì Dunni

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé dókítà eyín wa láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, abẹ́rẹ́ àti ẹ̀mú nìkan la lò. Obìnrin kan tó ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo jókòó sórí àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó ti ń fi aáṣáà dí ihò eyín náà láti oṣù mẹ́ta. Mo di orí rẹ̀ mú, dókítà sì fa eyín náà. Ká ní ó tètè wá ni, ihò lásán la ì bá bá a dí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń ṣe. Lójú tiwọn, ẹni tí eyín kò dùn tó lọ bá dókítà, wàhálà ló ń wá. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, alágídí sì ni mí. Mo kéde ọjọ́ kan tí a ó yẹ ẹnu àwọn tí ara wọn le wò. Dókítà ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá wá, eyín fífà nìkan ni òun yóò máa bá wá sí Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, n kò ka oṣù àwọn Mùsùlùmí. Àárín ààwẹ̀ ni ọjọ́ tí mo mú bọ́ sí. Títí di ọ̀sán, ẹyọ ẹnì kan kò wọlé. Wọ́n ní omi tí a ó fi ṣan ẹnu àwọn yóò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ojú tì mí gan-an, mo sì gba ilé Lèmọ́mù lọ.

Bàbá gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé a kì í fi omi ṣan ẹnu tá a bá ń ṣe àlùwàlá ni? Ẹni tó tu omi dànù, kí ló gbé mì?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn, Bàbá.”

“Wọ́n á tètè gbà tí wọ́n bá rí mi lórí àga yín.”

Ó wá jókòó lóòótọ́, níṣojú àwọn ará ọjà. Dókítà rí ihò kékeré kan nínú eyín ẹ̀yìn tí Bàbá kò mọ̀ pé ó wà rárá. Bàbá ní kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a dí i fún un.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, èrò kún yàrá wa dé ìta. Dókítà wò wọ́n títí, ó ṣe bí àrùn kan ló bẹ́ sílẹ̀ nílùú. Ó ní kí àwọn tí eyín ń dùn bọ́ síwájú.

Kò sẹ́ni tó dìde.