Àgbọn Tí Kò Gbọdọ̀ So

Bí ẹ bá fẹ́ ra igi lọ́wọ́ Fàúsát, ẹ múra sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dúró níwájú adájọ́. Ibo ni omi ń dúró sí nínú ọgbà yín bí òjò bá rọ̀? Apá ibo ni oòrùn ọ̀sán ń kọjú sí? Ṣé èéfín ilé iṣẹ́ kankan ń fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ yín? Bí ọyẹ́ bá dé, ta ni yóò máa bomi rin ín? Bí oníbàárà bá ní igi tó bá ṣáà ti lẹ́wà lòun ń wá, Fàúsát á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹwà ò ní kó má gbẹ o." Bí ẹlòmíràn bá béèrè igi tó rí nílùú Jos, á ní òtútù ló tọ́ ọ dàgbà, ooru Ìkẹjà á pa á kí oṣù tó lé.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ti Agége lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ló ń to àwọn ọmọ igi rẹ̀ sí, nínú náílọ̀n dúdú. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ló lé e kúrò níbẹ̀, òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn. Òun, Kazeem àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ìyàwó Kazeem tó ń jẹ́ Fọláyọ̀, àti Bàbá Suara tó bí wọn, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé l'Ágége. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè tipẹ́tipẹ́.

Ìdílé Oyèkànmí kọ́lé sí Omole, wọ́n pe Fàúsát pé kó wá ṣe ọgbà fún wọn. Ibi gbogbo rọrùn àfi igun ẹ̀gbẹ́ géètì. Yanrìn ni wọ́n fi dí kòtò ibẹ̀. Òjò á rọ̀, omi á gba inú rẹ̀ lọ bíi pé kò kọjá níbẹ̀ rí, oòrùn á sì yan án gbẹ. Igi másíkúrédì, èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé bò délẹ̀, ni Fàúsát kọ́kọ́ yàn síbẹ̀, torí gbogbo olówó Ìkẹjà ló ń gbìn ín nígbà yẹn. Ọyẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi kú. Fàúsát gbà pé òun ló ṣi igi yàn. Ó ronú títí, ó ní igi tó bá máa gba yanrìn, tó máa gba oòrùn, tó máa gba òjò Èkó, kò ju àgbọn lọ.

Ó lọ ra ọmọ àgbọn kan l'Ágbádárìgì. Làsísì tó ń bá a gbẹ́ ilẹ̀ ló gbẹ́ ihò, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kó gbé àgbọn sínú rẹ̀, ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Kí èmi gbin àgbọn kẹ̀? Àǹtí, oyún ń bẹ nínú ìyàwó mi o!"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá gbin àgbọn, ọjọ́ tí àgbọn náà bá so ni ẹni náà ń kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò gbà á gbọ́, ẹ lọ gbin tiyín ná, ká wò ó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé arúgbó ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́. Bàbá Suara, tó bá ọmọ rẹ̀ wá ṣeré lọ́jọ́ náà, dìde lórí àpótí tó jókòó sí.

"Gbé e fún mi," ló wí. "Àgbọn a máa pẹ́ kó tó so. Kó tó so, n ó ti lọ tèmi."

Ó gbìn ín, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìbá dára kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dún tí ìjọba ka èèyàn, Fàúsát lọ ro ìdí àgbọn náà. Igi tí kò tíì ga jù ú lọ ti yọ òdòdó, ó yọ orí jáde nínú àkọ̀ rẹ̀. Ó gba Àgbádárìgì lọ lọ́jọ́ kejì, ó bá ọkùnrin tó ta ọmọ àgbọn náà fún un.

"Àgbọn àgíríìkì mà ni," ni ọkùnrin náà wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Kì í ga, kì í pẹ́. Ṣebí ẹ̀yin ará Ìkẹjà lẹ máa ń fẹ́ ohun tó yá?"

Fàúsát, tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, kò bi í ní ẹyọ kan tó ṣe kókó lọ́jọ́ tó ra igi náà: ìgbà wo ló ń so? Ó padà sí Omole, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé òdòdó náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán níbi tó gé, tó, tó, tó, lórí ewé gbígbẹ. Ó sọ fún Ìyáàfin Oyèkànmí pé kòkòrò ló wọ̀ ọ́.

Oṣooṣù ni àgbọn ń yọ òdòdó. Oṣooṣù ni Fàúsát ń lọ gé e. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bí Bàbá bá húkọ́ lóru, á jí, á máa rò ó bóyá òun ti lọ sí Omole lóṣù náà. Bí omi ẹ̀rọ bá ń kán nílé, á sáré lọ tì í pa, torí ohùn yẹn ti di ohùn mìíràn létí rẹ̀. Ibà dá a dùbúlẹ̀ nígbà kan, ó dìde pẹ̀lú ara gbígbóná, ó lọ gé òdòdó, ó sì padà wá dùbúlẹ̀. Nígbà tí igi ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó ń gbé àkàbà lọ. Bí Bàbá bá sì béèrè pé, "Àgbọn mi ńkọ́?" á ní, "Kò tíì so, Bàámi." Irọ́ kọ́ o. Kò tíì so lóòótọ́.

Lọ́dún tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ilé epo tì pa, ibà gbé Kazeem dè. Wọ́n wá mọ́tò títí, kò sí. Ọmọlanke ni wọ́n fi ń tì í lọ sí ilé ìwòsàn tó fi kú lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e padà wálé. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, torí náà nígbà tí wọ́n ń gbé òkú jáde, inú yàrá ni Bàbá Suara wà, ó kọjú sí ògiri, ó ń sọ pé, "Èmi ló kàn. Èmi ló kàn."

Láti ìgbà náà, Bàbá kò dá wà nínú yàrá rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ jókòó lórí ẹní, á kọ́kọ́ sọ pé, "Kazeem, sún díẹ̀." Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á fi apá kan sílẹ̀. Fàúsát á wo ibi tí Bàbá ń wò, kò ní rí nǹkan kan, àmọ́ kò jẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ Bàbá wú, ojú rẹ̀ kan fọ́. Fàúsát sì ń lọ gé òdòdó, àfi bíi pé èyí tó ń gé kò tó mọ́.

Ìyáàfin Oyèkànmí wá bá wọn kẹ́dùn. Ó jókòó ti Bàbá, ó ń wá ohun tó máa fi tù ú nínú.

"Ó wù mí kí n mú àgbọn wá fún yín, Bàbá, nínú èyí tẹ́ ẹ gbìn. Ṣùgbọ́n ara igi náà kò yá. Oṣooṣù ló ń yọ òdòdó, oṣooṣù ni Fàúsát sì ń gé e dànù. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ.

"Fàúsát."

"Bàámi."

"Ìgbà wo ló kọ́kọ́ yọ òdòdó?"

Ó fẹ́ purọ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. "Ọdún tí wọ́n ka èèyàn, Bàámi."

"Kazeem ń bẹ láyé nígbà náà."

"Ó ń bẹ láyé."

"Mo bẹ ikú kó mú mi ṣáájú ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ìwọ lo tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Fàúsát kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀." Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó so."

Nígbà tí oṣù náà pé, Fàúsát gun àkàbà tòun tọ̀bẹ. Òdòdó ti là, oyin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó pẹ́ lórí àkàbà kó tó sọ̀ kalẹ̀, kò sì gé nǹkan kan. Àgbọn so. Ó ń wò ó bó ṣe ń tóbi, ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ara Bàbá ń yá sí i ní tirẹ̀. Ó ń jẹun. Ó pín agbádá rẹ̀ fún ẹbí. Ó tilẹ̀ bá Fọláyọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí àkọ́so gbó tó mímu, Fàúsát gbé e wálé, ó là á, ó sì gbé e sí Bàbá lẹ́nu. Ó mu ún tán.

"Ó dùn," ló wí. Ó wá ní, "Ká ní ó so nígbà tó yẹ kó so ni, Kazeem ni ì bá là á fún mi."

Kí Iléyá tó dé, Bàbá Suara sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Èrò kún ilé. Wọ́n ń kí Fàúsát kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n ń gbàdúrà pé kí ọmọ tirẹ̀ náà sin ín. Ìyá àgbàlagbà kan dì í lọ́wọ́ mú.

"Gbogbo wa la rí i bó o ṣe tọ́jú wọn," ni ìyá náà wí. "Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé."

Fọláyọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ opó ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Ó mi orí sí i, ó nu omijé ojú ara rẹ̀.

"Òótọ́ ni, Màmá," ló wí. Ó sì yíjú sí Fàúsát. "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi."