Kòkó Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó kórìíra ọyẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Ẹ dé Okaka, kí ẹ ní kí wọ́n fi ilé Màmá Sódìq hàn yín. Ọmọ́tóyọ̀sí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìdànrè, níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ débi pé aṣọ kì í tètè gbẹ lórí okùn, tí abẹ́ igi kòkó sì máa ń tutù lọ́sàn-án gangan. Ìfẹ́ ló gbé e dé Òkè-Ògùn, ó fẹ́ Mọ́nsúrù tó ń gbin iṣu. Ọkùnrin náà ò ní àléébù kankan lójú rẹ̀, àfi pé ó fẹ́ràn ọyẹ́. Nígbà tí ètè gbogbo ayé bá ń là, Mọ́nsúrù á bọ́ síta láàárọ̀, á na apá méjèèjì, á ní ara òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá. Ó lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ ló gbé bọ̀ wálé.

Nígbà tí Ọmọ́tóyọ̀sí bí Sódìq, tí ìwọ́ ọmọ já, ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ rì í mọ́ ìdí igi irú ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n rì ti Mọ́nsúrù náà sí. Igi yẹn ti rí iná ẹ̀rùn, ó ti rí ọ̀dá, kò sì kú. Ọmọ́tóyọ̀sí bú sẹ́kún. Àárò ilé ń sọ ọ́, ó sì fẹ́ kí nǹkan ilé òun wà lára ọmọ òun. Ó ti gbé kòkó kékeré kan wá láti oko ìyá rẹ̀, ó gbìn ín sẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ìdí kòkó yìí ni wọ́n padà rì ìwọ́ náà mọ́. Ìyá Mọ́nsúrù ò bá a jà. Ohun tó kàn sọ ni pé òun ò tíì rí kòkó tó dàgbà ní Okaka.

Ọdún kejì, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan tó wá bá Mọ́nsúrù rí kòkó náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo igi ló ní ilẹ̀ tirẹ̀, pé kòkó kì í kọjá ibi tí òjò bá ti dín kù, kò lè fara da ẹ̀rùn apá ibí. Ó ní kí wọ́n gbin kajú. Ọmọ́tóyọ̀sí dá a lóhùn pé òun ò bi í, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lẹ̀rù ti ń bà á. Ìdí igi tí kò lè gbé ilẹ̀ yìí ló rì ìwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù yẹn di ńlá nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Sódìq wú, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì bá àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí òtútù mú un, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Lójú Ọmọ́tóyọ̀sí, àfi bíi pé kòkó ni nọ́ọ̀sì ń ṣàpèjúwe.

Lọ́dún tí Sódìq bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ọyẹ́ tètè dé, kò sì ní ojú àánú. Omi kànga lọ sílẹ̀, ewé kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí. Obìnrin tí kì í fẹ́ fọwọ́ kan omi nígbà ọyẹ́ wá ń wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wẹ̀ lọ́sàn-án, ó tún ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kí omi lè ṣàn dé ìdí igi. Mọ́nsúrù kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun fẹ́ bó. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n kúkú hú kòkó náà dànù. Ìgbà náà ni Ọmọ́tóyọ̀sí sọ ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

“Ìwọ́ ọmọ mi ló wà níbẹ̀, Bàbá Sódìq. Ọjọ́ tí igi yẹn bá kú, ẹ má bi mí pé kí ló pa Sódìq.”

Sódìq wà lórí ẹní nítòsí wọn, ó ń jẹ iṣu sísun. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn. Ó rú ewé tuntun nínú ọyẹ́ tí ń gbẹ koríko, Ọmọ́tóyọ̀sí sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láràárọ̀ ló ń pọn omi sínú ike ńlá fún Sódìq, pé kó mu ún tán kí ilẹ̀ tó ṣú, lálaalẹ́ sì ni Sódìq ń dá ike òfìfo padà fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bá ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, kò lè sunkún mọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata rodo. Wọ́n gbé e sáàárín lórí ọ̀kadà Mọ́nsúrù, ó di Ìsẹ́yìn. Igbó tí iná ti jó dúdú lọ́tùn-ún lósì, ọyẹ́ ń gbá wọn lójú, Ọmọ́tóyọ̀sí gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ bóyá ó ṣì ń mí. Alùpùpù ń pariwo, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé àdúrà.

Dókítà ní omi ti gbẹ lára ọmọ náà. Ọmọ́tóyọ̀sí búra pé irọ́ ni, pé ó ń mu ike omi ńlá tán lójoojúmọ́. Wọ́n fa omi sí i lára. Lọ́jọ́ kejì, tí Sódìq lajú, ìyá rẹ̀ gbé ife omi sí i lẹ́nu, ó yí ojú kúrò.

“Màmi, ẹ lọ bu ú fún igi mi.”

Ọ̀rọ̀ wá jáde. Ẹnu kan péré ni Sódìq ń mu nínú omi ike rẹ̀, ìdí kòkó ló ń da ìyókù sí, kí igi má baà kú, kí òun náà má baà kú. Ẹnu Ọmọ́tóyọ̀sí gan-an ni ọmọ ti gbọ́ ọ. Ó sọ fún un pé igi lásán ni.

“Bó bá kú ńkọ́?”

Kò mọ̀. Kó má parọ́, kò mọ̀, ẹ̀rù igi yẹn sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ó rí kòkó náà lọ́kàn, ewé rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì di ife mú dáadáa.

“Kó kú,” ló wí. “Mu omi rẹ.”

Sódìq tẹjú mọ́ ọn lójú. Ọmọ́tóyọ̀sí ò gbé ojú tirẹ̀ kúrò títí omi fi tán nínú ife.