Sítóòfù Tí Ìyá Aríran Yàn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá gbé nǹkan ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lóòró.

Mo rántí ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí mo jẹ́ ìyàwó ilé ní Igbodigo, tí mo sì ń dáná fún ìjọ aládùúrà wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá aríran fò sókè láàárín ìsìn, ó nàka sí mi, ó ní òun rí ọwọ́ àjẹ́ nínú ìkòkò ìjọ. N kò tíì bímọ nígbà náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún rí ibi dúró sí lára mi. Kí a tó túká, ìyá yìí ti gba ìdáná lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, mo sì ń dúró de ọjọ́ kan.

Ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọ fẹ́ lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta létí odò. Wòlíì wa kì í jẹ́ kí a ṣẹ́gi lórí ilẹ̀ àdúrà, àfi kí a ra sítóòfù tó ṣe é gbé rìn. Wọ́n rán èmi àti ìyá aríran lọ sí Okitipupa, wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́rù. Ọlọ́jà gbé mẹ́ta síwájú wa: ààrò onírin tó ń jó èédú, sítóòfù olówùú tó ń mu kẹrosíìnì, tí ìdí rẹ̀ gbòòrò bí àpótí ìjókòó, àti onípọ́ńpù kan, idẹ tó ń dán, ẹsẹ̀ mẹ́ta tín-ín-rín bíi ti lékeléke.

"Èédú á tutù nínú ọkọ̀ ojú omi," ni ìyá aríran wí. "Olówùú á fi èéfín ba aṣọ funfun wa jẹ́. Èyí tó ń dán yìí ni Ẹ̀mí fi hàn mí."

Ọlọ́jà ní, "Màmá, ẹ óò kọ́kọ́ fi sípíríìtì mú orí rẹ̀ gbóná kí ẹ tó pọ́ńpù kẹrosíìnì sí i o. Omi tíì ló sì dára fún jù."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní iná dídá?" Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, àbí o ní tìrẹ láti sọ?"

Mo ní ohun tí mo lè sọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń la gẹdú nínú igbó ní irú rẹ̀. Ó ń yára se omi, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò láti ro pupurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tó ń fẹ́ agbára, lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú mi, mo tutọ́ funfun. "Màmá, ohun tí ẹ rí ni ká rà." Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ ra olówùú, mo wé e sínú ẹní mi, mo gbé e wọkọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí a fẹ́ ṣínu, ọbẹ̀ màrúgbò jinná lórí idẹ náà láìsí ìyọnu. Ó ku pupurú. Ìyá aríran da ìyẹ̀fun sómi, ó ti orógùn bọ̀ ọ́, ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ kan yẹ̀, ìkòkò dojú dé sínú yanrìn.

"Ta ló yan nǹkan yìí?" ni wòlíì bi wá. Gbogbo ojú yí sí ìyá aríran.

Mo lè dìde lójú ẹsẹ̀. N kò dìde. Ìyá ọkọ mi fọwọ́ gbá ikùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mì, síbẹ̀ mo jókòó. Mo jẹ́ kí ebi na ogójì ènìyàn kí ojú lè ti ẹnì kan dé egungun. Ọmọdé ń ṣe mí, mo pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ìgbà tí ìyá aríran bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣa pupurú kúrò nínú yanrìn ni mo tó tú ẹní mi, mo gbé olówùú jáde. Mo ro ìkòkò lẹ́yìn ìkòkò, mo bù fún gbogbo ayé, mo fi tirẹ̀ ṣe ìkẹyìn.

"Màmá, ẹ gbà. Ọwọ́ àjẹ́ ló rò ó."

Ó jẹ ẹ́. Mo dúró tì í títí ó fi lá àwo. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi, ó sì ń dùn mọ́ mi títí di òní nígbà mìíràn.

Kò sọ pé òun rí ìran kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìdáná sì padà sọ́dọ̀ mi. Ó ti sùn báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jogún sítóòfù idẹ. Nígbà tí apá mi kò gbé ìkòkò mọ́, òun náà ni mo fa ìdáná lé lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ oúnjẹ sè tó o. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ etí odò fún un rí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n sọ ọ́ dáadáa, Màmá. Wọ́n ní àwọn ò jẹ pupurú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí."