Tomiyo Ti Kú, Pápá Ṣì Wà Ní Títì

Nukaga Tomiyo kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Òtútù àyà ló pa á. Ibi tó ti kó òtútù ọ̀hún kì í ṣe àṣírí ní Ubara, ìlú wa: ẹ̀yìn ọjà ẹja ni, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, lórí kọnkéré, nínú òjò oníyìnyín, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní bọ́ọ̀lù. Pápá oníkoríko ìlú wà ní títì lọ́jọ́ náà.

Èmi àti ẹ̀ jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: Tomiyo kò lè sáré. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo la ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ la sì ti máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù tààrà. Mo máa ń sọ fún un pé kì í ṣe ọgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń lé àwọn alátakò sẹ́yìn, òórùn ẹja ara rẹ̀ ni. Á ní, "Ìwọ tí o ń rùn bákan náà, kí ló dé tí wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ?" Síbẹ̀, òun ló wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè, èmi ò wọ̀ ọ́.

Ubara fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má purọ́ mọ́ wa. Wọ́n ya ojú rẹ̀ sára ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àkàrà aládùn tó ní ẹ̀wà nínú, wọ́n sì fún un ní imú ràgàjì. Tomiyo ra mẹ́ta, ó jẹ wọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Imú mi dùn ju bí mo ṣe rò lọ."

Ọdọọdún ni wọ́n ń pè é síbi àjọ̀dún ìgbà ooru pé kó wá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúnkún tó ti gbó yẹn. Ọdọọdún náà ló ń béèrè ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n ṣí pápá fún àwọn ọmọbìnrin láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni Shirasu, olórí ẹ̀ka eré ìdárayá ní ọ́fíìsì ìlú, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ọdún mọ́kànlá! Ẹ̀yin ará, kí ló wà lórí koríko yẹn tó gba ọdún mọ́kànlá láti yẹ̀ wò? Ṣé wọ́n ń ka ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Níbi ìsìnkú, Shirasu dìde, ó sì sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó ní ìlú yóò gbẹ́ ère Tomiyo sẹ́nu ọ̀nà pápá. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Màmá Haruyo, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, ló rọra béèrè pé, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi bá yín sọ ńkọ́, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò tán?"

Ọkùnrin náà tẹríba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Orí ìtẹríba yẹn ló wà tó fi ní, "Màmá, a ó gbé e yẹ̀ wò."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, èmi náà wà lára wọn. Màmá Haruyo kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ pé wọ́n pa á. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n lò ó. Ọ̀gbẹ́ni Shirasu, ẹ jẹ́ kí ère dúró ná. Ní Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́jọ àárọ̀, ọmọbìnrin mẹ́tàlélógún yóò dúró lẹ́nu géètì pápá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ wá fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn, tàbí kí ẹ dúró níwájú wọn, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí ẹ má ṣí i. Orúkọ la fẹ́ gbọ́.